Samuel Johnson àti Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Ìgbájọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé

Bí ènìyàn bá dúró lórí ọ̀kan nínú àwọn òkè tó yí Ìmẹ̀sí-Ilé ká, tó kọjú sí apá Ìgbájọ, àpáta, igbó àti oko ni yóò máa rí. Àwọn tó ń rin ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ lónìí, oko ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ gun òkè kí wọ́n sì gba atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó lé ní ogóje sẹ́yìn, ojú ogun Kírìjì ni ilẹ̀ yìí. Ibùdó àwọn Ìbàdàn wà ní ìhà Ìgbájọ, ti Èkìtìparapọ̀ sì wà ní ìhà Ìmẹ̀sí. Gbogbo wa la mọ Ògèdèǹgbé, Fábùnmi àti Látòósà. Ẹni tí a kì í sábà rántí mọ́ ọ̀nà náà ni àlùfáà kan tó ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà láti ibùdó dé ibùdó. Òun ni Samuel Johnson, tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí òǹkọ̀wé ìtàn Yorùbá.

Ọjọ́ 24 Oṣù Kẹfà ọdún 1846 ni wọ́n bí i ní ìlú Hastings ní Sàró. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, láti ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ogun àti òwò ẹrú ló gbé bàbá náà kúrò nílé kó tó di ẹni òmìnira ní Sàró. Ní ọdún 1857, ìjọ CMS rán bàbá yìí padà sí ilẹ̀ Yorùbá láti bá àlùfáà Jámánì náà, David Hinderer, ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Samuel kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Ìbàdàn tó bá ara rẹ̀ kì í ṣe ìlú ìsinmi. Láàárín ọdún 1860 sí 1862, nígbà tí Ìbàdàn àti Ìjàyè ń jà, ebi ogun dé ilé àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run. Ọmọ tó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ogun ń jẹ kí ó tó mọ ohun tí ìwé ń sọ.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti CMS ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1863, ó sì padà sí Ìbàdàn ní 1866 láti máa ṣe tíṣà. Ní 1880 ó di díákónì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ló ti sún mọ́ Aláàfin Adéyẹmí, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ogun Kírìjì ti ń lọ lọ́wọ́. Aláàfin fẹ́ kí ìjọba Èkó bá òun dá sí i, Johnson ló sì gbé lẹ́tà ọba lọ sí Èkó ní 1881. Ìgbà náà kò sí ọkọ̀, kò sí réluwé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba inú igbó àti ọ̀dàn ni, bodè ń bẹ lójú ọ̀nà, àwọn ajínigbé sì lè yọ nígbàkúgbà.

Lẹ́tà náà kò parí ogun. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, ìbọn ṣì ń dún. Ní Oṣù Kẹrin 1886, Gómìnà Moloney yan oníṣẹ́ méjì láti Èkó: Johnson lọ bá Aláàfin àti àwọn Ìbàdàn, Charles Phillips, àlùfáà Oǹdó, lọ bá àwọn Èkìtìparapọ̀. Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí Johnson ṣe nìyẹn. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kó kúrò lójú ogun. Ìbàdàn ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá kẹ́yìn sí wọn, wọn yóò lé àwọn; Èkìtìparapọ̀ kò sì fẹ́ padà sábẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn láéláé. Ọ̀rọ̀ kan tí oníṣẹ́ bá ṣì sọ lè mú kí wọ́n tún ki ìbọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀, ẹ wo ohun tó wà lẹ́nu ògbufọ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án 1886, wọ́n parí àdéhùn ní ojú ogun. Àwọn aṣojú gómìnà, Higgins àti Smith, wà níbẹ̀. Johnson àti Phillips náà wà níbẹ̀. Àdéhùn náà sọ pé àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di òmìnira, ó sì fi Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrèsì àti Àdá sílẹ̀ fún Ìbàdàn, pẹ̀lú àyè fún ẹni tó bá fẹ́ kó jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n dáná sun ibùdó méjèèjì. Ibùdó wọ̀nyí ti dàgbà bí ìlú. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò mọ ilé mìíràn. Ogun kò tán pátápátá, nítorí ọ̀rọ̀ Ọ̀fà àti Ìlọrin ṣì wà nílẹ̀ títí di 1893, ṣùgbọ́n ìbọn dákẹ́ láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí.

Johnson padà sí Ọ̀yọ́, ó di àlùfáà ní 1888, ó sì dojú kọ ìwé rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn àgbà ń kú, ìtàn sì ń bá wọn lọ. Ó gbọ́ ti ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, ti David Kúkọmí tó ti jẹ́ jagunjagun ní Ìbàdàn, àti ti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ó parí ìwé náà ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí London, ó sì sọnù síbẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹrin 1901 láì rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ. Ní 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé ìwé yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn Jámánì, wọ́n sì gbé e dé Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah náà ti kú ní 1920.

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, Ìbàdàn ló gbé dàgbà, ojú Ọ̀yọ́ ló sì fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹni tó bá ti Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì wá yóò rí i pé ìtàn tiwa nínú ìwé náà, àlejò ló sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àlejò tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa. Èmi kò rò pé ẹ̀bi rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Àwọn tó wà ní ìhà kejì àfonífojì náà kò ní ẹni tó kọ tiwọn tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn ló kù fún wa. Gbogbo odò, àpáta àti abà tó wà lójú ọ̀nà oko Ìmẹ̀sí-Ilé ló ní orúkọ nínú ẹ̀ka-èdè ibẹ̀, ẹnu àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ni wọ́n sì wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá orí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ bá bàbá kan lọ sóko ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ sì jẹ́ kó máa dárúkọ ohun tí ẹ bá kọjá. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀, ẹ sì fi àmì sí i. Johnson kò ní fóònù. Ẹsẹ̀, etí àti kálàmù ló ní.