Dókítà Tí Ó Ní Kí A Fọwọ́

Ẹ gbọ́ ìtàn Ignaz Semmelweis, ọmọ ilẹ̀ Húngárì, tí a bí ní ọdún 1818. Ilé ìgbẹ̀bí méjì ni ó wà ní ilé ìwòsàn ńlá tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Vienna. Ibà tí ń mú ìyá lẹ́yìn ìbímọ ń pa ènìyàn ní ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ju ní ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ̀bí lọ. Kí ni ó fa èyí?

Ní ọdún 1847, ọ̀bẹ tí a fi ń la òkú gún Kolletschka, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní ìka. Irú àrùn kan náà ni ó sì pa á. Nígbà náà ni ó yé Semmelweis pé láti ibi òkú ni àwọn dókítà ti ń lọ gbẹ̀bí. Ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù fi omi tí a po ẹfun kílórínì sí fọ ọwọ́. Nínú ìyá 100, nǹkan bí 18 ni ó kú ní oṣù kẹrin. Ní oṣù kẹfà, nǹkan bí 2 péré.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà dókítà kọ̀ láti gbà pé ọwọ́ àwọn ni ikú ti ń wá. Ó kú ní ọdún 1865, kí ayé tó gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin ará, bí a bá fi àṣìṣe wa hàn wá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọwọ́ wa.