Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà James Ussher, Ẹni tí Ó Ka Ọjọ́ Orí Ayé

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ní ẹ̀gbẹ́ ojú ewé àkọ́kọ́ Ìwé Gẹ́nẹ́sísì, ni a tẹ iye ọdún kan sí: 4004 ṣáájú ìbí Krístì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Mósè ni ó kọ ọ́. Kì í ṣe Mósè rárá. Ọmọ ilẹ̀ Írẹ́lándì kan ni ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì yẹ kí àwa tí a ó máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Ìlaròó, ní Ayétòrò àti ní àwọn abúlé ẹnu ibodè mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́, nítorí pé lọ́jọ́ kan àwọn ọmọ náà yóò bi wá léèrè.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1581 ni a bí James Ussher ní ìlú Dublin. Ìyá méjì nínú ẹbí rẹ̀, tí àwọn méjèèjì fọ́jú, ni ó kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa yóò fẹ́ mọ bí afọ́jú ti ṣe ń kọ́ni ní ìwé. Wọ́n ti há Ìwé Mímọ́ sórí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọmọ náà kò lè ṣi ọ̀rọ̀ kan kà kí wọn má mọ̀. Ní ilé wa níhìn-ín a ní pátákó ìkọ̀wé àti ẹfun, síbẹ̀ a ń ráhùn.

Ní ọdún 1594, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Trinity ní Dublin, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1592. Ní 1601 a fi í jẹ oyè àlùfáà, ní 1607 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ní 1621 ó di Bíṣọ́ọ̀bù Meath, nígbà tí ó sì di 1625 ó di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Armagh, olórí gbogbo Ìjọ Írẹ́lándì. Ìfẹ́ ìwé ni ó ń darí rẹ̀. Ó máa ń sọdá òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ra ìwé fún kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀, ó sì rán oníṣòwò kan ní ìlú Aleppo kí ó bá òun wá Ìwé Òfin Mósè ti àwọn ará Samáríà, ó sì rí i gbà. A kò ní fi àbùkù rẹ̀ pamọ́: ní ọdún 1626 òun ni ó ṣíwájú àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó lòdì sí pé kí a fún àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà ní òmìnira ìsìn. Ìgbà ìjà ẹ̀sìn ni ìgbà náà, ṣùgbọ́n àwa kò lè yìn ín fún èyí.

Ní 1640 ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdàrúdàpọ̀ sì bẹ́ sílẹ̀ ní Írẹ́lándì ní ọdún kejì, kò sì padà sílé mọ́ títí ó fi kú. Ní 1645, bí ó ti ń sá fún ogun la ilẹ̀ Wales kọjá, àwọn jàǹdùkú dá a lọ́nà. Wọ́n fọ́ àpótí rẹ̀, wọ́n sì tú àwọn ìwé àti àkọsílẹ̀ tí ó ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kó jọ ká fún ẹni tí ó bá fẹ́. Bàbá arúgbó náà banú jẹ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá àti àlùfáà àgbègbè náà kéde fún àwọn ènìyàn pé kí wọn dá a padà, nígbà tí ó sì di bí oṣù mélòó kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ó ti wọlé. Nígbà tí a fẹ́ bẹ́ Ọba Charles lórí ní 1649, Ussher wà lórí òrùlé ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wo díẹ̀, ó dákú, wọ́n sì gbé e sọ̀kalẹ̀.

Láàárín ìpọ́njú wọ̀nyí ni ó kọ ìwé ńlá rẹ̀ ní èdè Látìnì, tí ó jáde ní ọdún 1650. Bí a bá fẹ́ mọ ìgbà tí a tẹ ìlú kan dó ní ilẹ̀ Yewa, kí ni àwọn àgbà ń ṣe? Wọn a ka àwọn ọba tí ó ti jẹ, àti iye ọdún tí olúkúlùkù lò lórí ìtẹ́, wọn a sì wá ọba kan tí ìgbà rẹ̀ bá ohun tí a kọ sílẹ̀ mu, kí wọn lè ti ibẹ̀ kà padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ussher ṣe. Ó mú ọjọ́ orí Ádámù nígbà tí ó bí Séètì, èyí tí í ṣe 130 ọdún, ó sì ń rò ó pọ̀ láti bàbá dé ọmọ. Láti Ádámù títí dé Ìkún Omi jẹ́ 1,656 ọdún; ọdún 1656 ni òun náà sì kú, ohun tí ó yà wá lẹ́nu díẹ̀. Ó ka àwọn baba ńlá, ó ka àwọn ọba Júdà, títí ó fi dé ikú Nebukadnésárì, èyí tí àwọn òpìtàn kèfèrí pẹ̀lú mọ̀ sí ọdún 562 ṣáájú Krístì. Ibẹ̀ ni ó so okùn rẹ̀ mọ́. Nítorí pé ọdún kẹrin ṣáájú ìṣirò tiwa ni Hẹ́rọ́dù kú, a kò lè fi ìbí Olúwa wa sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi di 4004 tí kò fi jẹ́ 4000. Ó tilẹ̀ sọ ọjọ́ náà: ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá.

Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ làálàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò ènìyàn ni, òun nìkan kọ́ sì ni ó ṣe é. Nínú Bíbélì Gíríìkì ìgbàanì, Ádámù jẹ́ ẹni 230 ọdún kí ó tó bí Séètì. Bede ní 3952, àwọn Júù ní 3761. Ní ọdún 1701, nígbà tí Ussher ti wà ní ibojì fún ọdún márùnlélógójì, ni a tẹ irú àwọn ọdún wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n mọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ní 1949, ní Yunifásítì Chicago, Willard Libby àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ fi ọ̀nà mìíràn hàn. Igi, ẹranko àti ènìyàn a máa gba irú kábọ́ọ̀nù kan, èyí tí a ń pè ní kábọ́ọ̀nù-14, sára nígbà tí wọ́n wà láàyè. Bí wọ́n bá kú, gbígbà tán. Èyí tí ó wà lára wọn a máa dín kù, nígbà tí ó bá pé 5,730 ọdún a ku ìdajì, lẹ́yìn 5,730 mìíràn a ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní 1965 Thurstan Shaw wa ilẹ̀ Ihò Eléérú ní ẹ̀bá Àkúrẹ́, ó sì rí egungun ènìyàn kan. Èédú tí ó wà nítòsí egungun náà fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí 11,200 ọdún. Láti ọdún Ussher títí di òní kò ju 6,000 ó lé díẹ̀ lọ.

Àwọn ará wa kan fèsì pé kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ kò fi ìgbà gbogbo dọ́gba. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyí tí a fi ń fi òrùka inú igi, tí à ń kà lọ́dọọdún, tún ìṣirò náà ṣe. Àtúnṣe náà kò sì sọ 11,200 di 6,000. Àwọn mìíràn rò pé kábọ́ọ̀nù ni ó ń sọ ọjọ́ orí ayé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí 50,000 ọdún, èyí tí ó kù kò tó wọ̀n mọ́, nítorí náà kò lè sọ ohunkóhun nípa òkúta Ibese tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, àti ìkarahun ẹ̀dá inú òkun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìyípadà yuréníọ̀mù sí òjé ni a fi wọn ọjọ́ orí ayé, Clair Patterson sì rí i ní 1956 pé ó ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ọdún lọ díẹ̀. Kí a má sì gbàgbé pé ọ̀nà Libby kan náà ni a fi wọn aṣọ ọ̀gbọ̀ tí a rí pẹ̀lú ìwé ìgbàanì nínú ihò Òkun Òkú, ní ibi tí Ìwé Àìsáyà wà: ó bọ́ sí nǹkan bí ọdún 33 lẹ́yìn ìbí Krístì, bí ó fi 200 ọdún lé tàbí dín. A kò lè fi ayọ̀ gba èyí kí a sì kọ ti Ihò Eléérú.

Àwa gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ni ó dá ayé, a ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ. Iye ọdún ẹ̀gbẹ́ ìwé ni a kò ní fi kọ́ wọn bí ẹni pé òun ni ìgbàgbọ́, nítorí pé ọmọ tí ó bá so méjèèjì pọ̀ yóò ju méjèèjì nù lọ́jọ́ tí ó bá dé ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Ussher kú ní Reigate ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta ọdún 1656. Ọ̀rẹ́ ọba ni, síbẹ̀ Cromwell, ẹni tí ó bá ọba jà, pàṣẹ pé kí a sin ín pẹ̀lú ọlá ní ilé ìsìn Westminster, a sì lo ètò ìsìnkú Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fún un. Àwọn ìwé rẹ̀, tí ó tó nǹkan bí 10,000, padà sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Trinity ní Dublin, níbi tí wọ́n wà títí di òní.