John Quincy Adams àti Ogún Ilé Bàbá Rẹ̀

Ní ìlú Braintree, ní ẹkùn Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a gbé bí John Quincy Adams ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 1767. Bàbá rẹ̀, John Adams, jẹ́ agbẹjọ́rò. Ó wà lára àwọn aṣáájú tí ó gba òmìnira orílẹ̀-èdè náà lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di Ààrẹ kejì ní ọdún 1797. Ìyá rẹ̀, Abigail, kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rárá, ṣùgbọ́n ìwé kíkà sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n obìnrin, òun sì ni olùkọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ̀ ní. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1775, nígbà tí ọmọ náà kò ì tíì pé ọdún 8, ìyá rẹ̀ mú un gun òkè kan nítòsí ilé wọn, wọ́n sì ń wo ogun Bunker Hill láti òkèèrè. Láti ìgbà èwe ni a ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí pé kì í ṣe fún ara rẹ̀ nìkan ni a bí i.

Ọmọ ọdún 10 ni ó jẹ́ nígbà tí ó bá bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1778. Ní ọdún 1779 ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìṣe ojoojúmọ́ rẹ̀ sínú ìwé, kò sì fi í sílẹ̀ títí di ọdún tí ó kú. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Harvard ní ọdún 1787, ó ṣe aṣojú ìjọba rẹ̀ ní ilẹ̀ púpọ̀, ó sì di Ààrẹ kẹfà ní ọdún 1825. Bàbá rẹ̀, ẹni ọdún 89, ṣì wà láàyè tí ó gbọ́ ìròyìn náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè Ààrẹ ni ó mú kí a máa rántí rẹ̀ jùlọ. Ọdún 4 péré ni ó lò lórí oyè, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀, àwọn ènìyàn sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá lọ jókòó sílé. Òun gbà kí a rán òun lọ sí Ilé Aṣòfin ní ọdún 1831 gẹ́gẹ́ bí aṣojú lásán. Ní ọdún 1836 Ilé náà ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó kan ọ̀ràn ẹrú yẹ̀ wò. Ọdún 8 ni àgbàlagbà yìí fi bá òfin náà jà. Wọ́n pariwo lé e lórí, wọ́n sì gbìyànjú láti bá a wí ní gbangba, kò yẹsẹ̀. Ní ọdún 1844 a pa òfin náà rẹ́.

Ní ọdún 1841, ẹni ọdún 73, ó gba ẹjọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà inú ọkọ̀ Amistad rò níwájú ilé ẹjọ́ gíga jùlọ. Àwọn Mende ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. A jí wọn gbé lọ sí Kúbà láti tà wọ́n, wọ́n sì gba ara wọn sílẹ̀ lójú omi ní ọdún 1839. Ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀, àwọn 35 tí ó kù sì padà sí Sàró, ibi tí a gbé kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá ńlá tiwa náà sí nígbà tí a gbà wọ́n lọ́wọ́ olówò ẹrú.

Ní oṣù Kejì ọdún 1848 àìsàn kọlù ú lórí ìjókòó rẹ̀ nínú Ilé Aṣòfin, ó sì kú lábẹ́ òrùlé kan náà lẹ́yìn ọjọ́ 2.

Bí a bá dúró níbí, a ó rò pé bí ẹni jogún oko ni ọmọ ti í jogún ìwà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Charles, àbúrò rẹ̀, bá wọn dé Yúróòpù, ó sì kàwé ní Harvard. Síbẹ̀ ọtí ni ó pa á ní ọdún 1800, ní ẹni ọdún 30, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nínú àwọn ọmọ John Quincy fúnra rẹ̀, George di ọ̀mùtí, ó sì ti inú ọkọ̀ bọ́ sómi kú ní ọdún 1829. John, àbúrò rẹ̀, tí òun náà ń mutí, kú ní ọdún 1834. Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí, a kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun kan. Ní ọdún 1809, nígbà tí a rán John Quincy lọ sí Rọ́ṣíà, ó fi George àti John sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìbátan. Fún nǹkan bí ọdún 6 wọn kò rí ojú òbí wọn. Bàbá náà kò gbàgbé wọn. Láti Rọ́ṣíà ni ó ti ń kọ lẹ́tà gígùn sí George nípa kíka Bíbélì, a sì tẹ àwọn lẹ́tà náà ní ìwé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Charles Francis, ọmọ ọdún 2, nìkan ni àwọn òbí mú lọ́wọ́, tí ó ń gbọ́ ohùn wọn tí ó sì ń rí ìṣe wọn. Òun ni ó dúró. Láti ọdún 1861 dé 1868 ó ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣiṣẹ́ gidigidi kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì má baà gbè sẹ́yìn àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí ń jà nítorí ẹrú. Òun náà ni ó tẹ ìwé ìṣe ojoojúmọ́ bàbá rẹ̀ jáde ní apá 12, láti ọdún 1874 dé 1877.

A kò wí pé èyí nìkan ni ó fà á, nítorí Ọlọ́run nìkan ni ó mọ inú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kò ní pẹ́ tí a ó fi ọmọ lé wa lọ́wọ́, ọmọ olóyè àti ọmọ tálákà. Ẹ má jẹ́ kí a fọkàn tán orúkọ ilé tí ọmọ ti wá, kí a má sì rò pé ọ̀rọ̀ rere tí a kọ sára pátákó tó. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú lẹ́tà George dára. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó jìnnà sí i.