Herbert Macaulay: Awọnlẹ̀ tó gbé ìmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ síwájú adájọ́

Bí a bá dárúkọ Herbert Macaulay, òṣèlú ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn àgbà tó ná náírà kan oníbébà tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 1979 kò lè gbàgbé irunmú rẹ̀ gígùn tó nà sí ọ̀tún àti òsì, nítorí àwòrán rẹ̀ ló wà lójú owó náà. Nígbà tí náírà kan di owó onírin lọ́dún 1991, òun náà ni wọ́n tún fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin yìí tó di olóṣèlú, oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Awọnlẹ̀ ni, èyí táwọn èèyàn ń pè ní sọ́féyọ̀, ẹnjiníà ni, ó sì tún máa ń ya pùláànù ilé. Ìmọ̀ tó kó jọ nídìí iṣẹ́ yìí ló fi ran àwọn ará Èkó lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn di ti kóòtù, títí ẹjọ́ náà fi dé Lọ́ńdọ̀ọ̀nù.

Ìdí tí a fi ń mú ìtàn rẹ̀ wá síwájú ẹ̀yin èèyàn wa ní Orè àti Odigbó kò ṣòro láti mọ̀. Oríta ni Orè. Ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Bìní, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ló pàdé níbẹ̀. Ogun tó jà níbẹ̀ lọ́dún 1967 ṣì wà lẹ́nu àwa Yorùbá títí di òní. Láti ìgbà náà ni èrò ti ń wọ ìlú, tí ilé sì ń pọ̀ sí i. Ibi tí ilé bá sì ti ń pọ̀, ẹjọ́ ilé àti ẹjọ́ ilẹ̀ kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi owó kòkó ọ̀pọ̀ ọdún kọ́lé, tí ògiri wá là láti òkè délẹ̀ kí páànù tó dípẹtà, yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ìbí àti ìdàgbà rẹ̀

Ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 1864 ni wọ́n bí Ọláyínká Herbert Samuel Heelas Macaulay sí ìlú Èkó. Inú ilé ìwé àti ilé Ọlọ́run ló bá ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1859, òun náà sì ni ọ̀gá ilé ìwé náà àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀, Abigail, jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú tó sì padà di ẹni ńlá nínú ìjọ. Ọdún 1878 ni bàbá rẹ̀ kú, nígbà tí Herbert ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré.

Lọ́dún 1881, ó wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé lẹ́ka iṣẹ́ òde, èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí P.W.D. Níbẹ̀ ló ti ń da àwòrán ilẹ̀ kọ, tó sì ń mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ilẹ̀ ọba. Gómìnà Alfred Moloney rí i pé ọwọ́ ọmọ náà mọ́ nídìí iṣẹ́. Nígbà tó di ọdún 1890, ìjọba fi owó ara rẹ̀ rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kọ́ iṣẹ́ awọnlẹ̀ àti ti ẹnjiníà lábẹ́ ọ̀gá tó ń bójú tó ilẹ̀ àti omi ìlú náà. Kò pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà.

Ilé iná tó wà ní Plymouth

Ohun kan wà ní Plymouth nígbà tí Macaulay fi wà níbẹ̀, tó bá ọ̀rọ̀ wa tòní mu. Ní etí òkun ìlú náà, wọ́n to ilé iná kan dúró síbẹ̀, èyí tó ń fi ọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi tẹ́lẹ̀ rí. John Smeaton ló kọ́ ọ sórí àpáta láàárín òkun, ó sì parí rẹ̀ lọ́dún 1759. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àpáta abẹ́ rẹ̀, àwọn ará ìlú tú òkè rẹ̀ ní òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún un tò sórí ilẹ̀ kí ọdún 1884 tó parí. Ṣé ẹ rí i, àpáta ló dẹ̀, ilé kò yẹ̀. Èròjà tí Smeaton pò fún ilé náà, èyí tó máa ń le nínú omi, wà lára ohun tó la ọ̀nà fún sìmẹ́ǹtì tí à ń lò lónìí.

Smeaton yìí kan náà ló wà nídìí ẹjọ́ tó sọ onímọ̀ iṣẹ́ di ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Lọ́dún 1782, ìjà ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Wells nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Onílẹ̀ kan mọ odi kí omi òkun má bàa bo pápá rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àkóso èbúté ní odi náà ló ń jẹ́ kí yanrìn dí èbúté àwọn pa, wọ́n sì fẹ́ wó o. Wọ́n pe Smeaton láti wá ṣàlàyé ohun tó fa yanrìn náà. Àwọn kan takò ó, pé èrò ọkàn lásán ni yóò sọ, kì í ṣe ohun tí ojú rẹ̀ rí. Adájọ́ àgbà Mansfield kò gbà fún wọn. Ó ní ẹni tó mọ iṣẹ́ lè sọ ohun tí ìmọ̀ rẹ̀ fi hàn án, kóòtù yóò sì gbọ́ ọ. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni òfin yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wà nínú òfin ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011, ní abala 68.

Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀

Lọ́dún 1893, Macaulay padà sí Èkó, wọ́n sì fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ọba ní Kólónì Èkó. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ohun tó rí níbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ ń gba owó tó ju tirẹ̀ lọ, kì í ṣe pé wọ́n mọ iṣẹ́ jù ú. Bí ọdún 1898 ṣe ń parí lọ, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ awọnlẹ̀, ó sì dá dúró.

Àwọn èèyàn pàtàkì ní Èkó ló ń gbé iṣẹ́ fún un. Ó ṣe pùláànù tàbí ìdíyelé fún ilé Henry Carr ní Tinúbú àti Doherty Villa ní Campos. Ó yani lẹ́nu pé òun àti Henry Carr yìí kan náà ló padà di alátakò ara wọn nídìí ọ̀rọ̀ ìlú. Iṣẹ́ ọwọ́ kò mọ ọ̀tá.

Lọ́dún 1908, ó kọ ìwé lórí rélùwéè. Láti ọdún 1896 ni wọ́n ti ń la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin náà láti Èkó lọ sí òkè, ó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Macaulay tú àṣírí bí àwọn òyìnbó tó ń mójú tó o ṣe ń ná owó ìlú ní ìnákúnàá. Nítorí pé òun náà jẹ́ oníṣẹ́, wọn kò lè sọ fún un pé kò mọ ohun tó ń wí. Láti ọjọ́ yẹn ni ìjọba ti fi ojú ọ̀tá wò ó.

Ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá

Ẹjọ́ tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá jù lọ ni ti Àpápá. Lọ́dún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ púpọ̀ ní Àpápá lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1903. Olóyè Àmọ́dù Tìjánì, tíí ṣe Olúwa, ló ń jẹ oyè lórí ilẹ̀ náà. Kí ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ igbó ọba Olúwa tó wà ní ìpínlẹ̀ Odigbó o. Oyè ìdílé kan ní Èkó ni èyí. Nígbà tó béèrè owó gbà-má-bínú, kóòtù Èkó ní kò ní ilẹ̀, pé ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló ní ẹ̀tọ́ sí, nítorí náà owó kékeré ni kó gbà. Olúwa kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀ọ̀nù.

Lọ́dún 1920, Macaulay bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Kì í ṣe èdè nìkan ló mọ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀ nídìí àwòrán ilẹ̀ Èkó, nínú ọ́fíìsì ìjọba gan-an. Ó mọ bí ìjọba ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì mọ bí àwọn ará ilé ṣe ń pín in. Ní oṣù keje ọdún 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́. Wọ́n ní nílẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, ti gbogbo ará ìdílé tàbí ìlú ni, olóyè sì ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Nítorí náà kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà ní kíkún. Àwọn adájọ́ ilẹ̀ wa ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ náà títí di òní.

Ìrìn àjò náà ló dá ọ̀ràn mìíràn sílẹ̀. Macaulay mú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí lọ́wọ́ lọ, inú sì bí ìjọba. Wọ́n yọ Ẹlẹ́kọ lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́dún 1925. Macaulay kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 1931, Privy Council ní kóòtù gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ìjọba ṣe bófin mu, Ẹlẹ́kọ sì padà wálé.

Àbùkù tó bá a

Kò yẹ kí a fi apá kan ìtàn pa mọ́. Lọ́dún 1913, wọ́n mú Macaulay lọ sí kóòtù lórí dúkìá òkú tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, pé ó lò ó bíi tirẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Lọ́dún 1928, ó tún lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé jáde. Òun ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ lọ́dún 1923, ẹgbẹ́ náà sì kó gbogbo ìjókòó Èkó, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè díje rárá nítorí ẹ̀wọ̀n náà. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gbà pé ìjọba ló ń wá a ṣubú. Èyí ó wù kó jẹ́, ohun tó dájú ni pé ọ̀tá rẹ̀ kò jẹ́ kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí tó fi kú. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Lọ́dún 1944, ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ NCNC, Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Nígbà tí wọ́n ń yí orílẹ̀-èdè ká, àìsàn kọ lù ú ní Kánò. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 7, oṣù karùn-ún, ọdún 1946, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Ẹ̀kọ́ tó kù fún wa

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàbá àgbẹ̀ kan gbé ilé fún bíríkìlà kọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n parí rẹ̀ ni ògiri là. Bàbá ní bíríkìlà ló jí sìmẹ́ǹtì òun. Bíríkìlà ní bàbá ni kò ra írọ́ọ̀nù tó, àti pé ilẹ̀ àbàtà ló ní kí òun kọ́ ọ sí. Ta ló jẹ̀bi? Bí wọ́n bá búra títí di ọ̀la, ìbúra kò lè sọ bí ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó. Ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ ló lè gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé wò, kó wọn írọ́ọ̀nù, kó fi búlọ́ọ̀kù sẹ́nu ẹ̀rọ, kó sì wá sọ ohun tó rí fún adájọ́. Nígbà mìíràn, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ló dẹ̀, bíi ti Plymouth, tí ọwọ́ oníṣẹ́ sì mọ́.

Ìdí rèé tí ó fi yẹ kí bíríkìlà tọ́jú pùláànù, rìsíìtì àti àdéhùn tó bá onílé ṣe. Bí onílé bá ní kó dín írọ́ọ̀nù kù, kó jẹ́ kí ó wà nínú ìwé. Bí ògiri bá là, kí onílé má ṣe yára rẹ́ ẹ kí onímọ̀ tó wò ó, nítorí ojú ẹ̀rí ni ó ń bò yẹn. Ẹnjiníà tí wọ́n bá pè náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé adájọ́ ni òun ń ṣàlàyé fún, kì í ṣe ẹni tó san owó òun nìkan. Ẹlẹ́rìí tí àbùkù bá wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò ẹnì kejì yóò ti kọ́kọ́ mú un.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2014, ilé àlejò kan wó ní Ìkòtún l'Ékòó, èèyàn 116 ló bá a lọ. Ní ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Lẹ́yìn tí òkú sùn ni wọ́n tó pe àwọn onímọ̀ wá ṣàlàyé. Ì bá dára kí à ń pè wọ́n nígbà tí a bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Macaulay kò fi ọrọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó bá wọn jà fún ní Àpápá ti di èbúté àti ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó tọ̀ ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ ọ́, ní Èkó tàbí ní Orè: kí a mọ iṣẹ́ wa, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì lè dúró síwájú adájọ́ láti sọ ọ́ láìbẹ̀rù.