Àlùfáà Tí Ó Fi Orin Wàásù

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà, ọdún 1855, ni a bí Josiah Jesse Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta. Ahunṣọ ni baba rẹ̀, ẹ̀sìn àwọn baba ńlá rẹ̀ ni ó sì dì mú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti di onígbàgbọ́. Báyìí ni ọmọ náà ṣe dàgbà tí ó ń gbọ́ orin ọdún ìbílẹ̀ ní ìgboro, tí ó sì ń gbọ́ orin ìsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìjọ kò tíì pẹ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà náà. Ọdún 1846 ni àwọn òjíṣẹ́ C.M.S. tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, tí wọ́n mú orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. A túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn orin náà sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ wọ́n. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Bí a bá gbé ohùn sókè níbi tí ó yẹ kí ó ti wálẹ̀, ọkọ a di ọkọ́, ọkọ́ a sì di ọkọ̀. Ẹni tí ó ní ìwé orin lọ́wọ́ lè mọ ohun tí ó ń kọ, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ń kọjá lọ lóde kò lè mọ̀ ọ́n rárá.

Ransome-Kuti ṣe olùkọ́ ní Abẹ́òkúta àti ní Èkó, níbi tí ó ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin. Ní 1891 ó di katikíìsì ní ìjọ Gbágùrá. Ní 1897 ó di àlùfáà. Orin ni ó fi ń pe àwọn ará abúlé jọ. A mú ohùn tí etí wọn ti mọ̀, a sì fi ọ̀rọ̀ Ìhìnrere sí i, kí ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ má baà ta ko ara wọn. Ẹni tí ó bá rò pé èyí rọrùn, kí ó mú ẹsẹ Bíbélì kan, kí ó kọ ọ́ lórin láìyí ohùn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ohùn tí a fi bọ òrìṣà lánàá yẹ fún ìyìn Ọlọ́run lónìí? Àwọn onígbàgbọ́ ìṣáájú ti kọ ìlù àti orin ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí orin a máa fa ọkàn padà sí ibi tí ó ti wá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, olúkúlùkù gbọ́ ọ̀rọ̀ ní èdè tí a bí i sí. Bí èdè kan bá yẹ fún Ìhìnrere, ó ṣòro láti sọ pé ohùn èdè náà kò yẹ. Iṣẹ́ Ransome-Kuti fi hàn pé ọ̀nà yìí ni ó yàn, ìjọ sì gba àwọn orin rẹ̀ wọlé nígbẹ̀yìn.

Ní 1922 a fi í jẹ oyè Kánọ́ọ̀nù. Ní ọdún náà ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ilé-iṣẹ́ Zonophone sì gba orin rẹ̀ 43 sínú àwo gramafóònù. Ẹni ọdún 67 ni. Fẹlá, olórin tí gbogbo ayé mọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orin tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn.

Kánọ́ọ̀nù náà kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, ọdún 1930. Ohùn rẹ̀ kò parun: nínú àwọn àwo náà, a ṣì ń gbọ́ àgbàlagbà ará Ẹ̀gbá tí ó ń kọrin sí Ọlọ́run, tí dùùrù òyìnbó sì ń tẹ̀ lé e.