Pierre Fátúmbí Verger

Pierre Fátúmbí Verger (orúkọ àbísọ: Pierre Édouard Léopold Verger, 4 oṣù Kọkànlá, 1902 – 11 oṣù Kejì, 1996) jẹ́ ayàwòrán, onímọ̀ ìtàn àti àṣà, àti babaláwo. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, ṣùgbọ́n ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, orílẹ̀-èdè Bràsíl, ni ó fi ṣe ilé. Ó di olókìkí nítorí àwọn fọ́tò tó yà nípa ìsìn òrìṣà ní ilẹ̀ Yorùbá, ní Dàhòmì àti ní Bràsíl, àti nítorí ìwádìí rẹ̀ lórí òwò ẹrú láàárín Bahia àti etíkun ilẹ̀ Adúláwọ̀. Kámẹ́rà tí a mọ̀ mọ́ ọn jù lọ ni Rolleiflex, tí kì í gba kí a yọ lẹ́ńsì rẹ̀ fi òmíràn rọ́pò. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ fọ́tò rẹ̀ fi jọra ní ìwọ̀n àti ní ìwò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun nlá ló pín àwọn ibi tí ó ti yà wọ́n níyà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

A bí Verger ní ìlú Paris, sínú ìdílé ọlọ́rọ̀ tó ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17. Ní 1932, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Pierre Boucher, kọ́ ọ ní iṣẹ́ fọ́tò, ó sì ní Rolleiflex rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún kan náà ni ìyá rẹ̀ kú, ẹni tó kù fún un nínú ìdílé rẹ̀. Láti ìgbà náà títí di 1946 ni ó ń rìn káàkiri ayé. Ó dé Tàhítì, Amẹ́ríkà, Japan, Ṣáínà, Mẹ́síkò, Perú àti ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Adúláwọ̀. Ó wà lára àwọn tó dá àjọ Alliance Photo sílẹ̀ ní 1934, ó sì ya fọ́tò fún àwọn ìwé ìròyìn bíi Paris-Soir, Daily Mirror àti Life.

Kámẹ́rà àti lẹ́ńsì rẹ̀

Rolleiflex jẹ́ kámẹ́rà ilẹ̀ Jámánì tó ní lẹ́ńsì méjì. Èyí tó wà lókè ni ayàwòrán fi ń wo ohun tó fẹ́ yà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé orí fíìmù. Fọ́tò rẹ̀ dọ́gba lóròó àti níbùú, nǹkan bíi 56 mm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, róòlù fíìmù kan sì ń gba fọ́tò 12.

Lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan ní ìjìnnà ìfojúsùn tirẹ̀. Ìyẹn ni àyè tó wà láti àárín lẹ́ńsì dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti ń pàdé, tí ó sì ń di àwòrán tó hàn kedere. Bí ìjìnnà yìí bá kúrú, ohun púpọ̀ ni yóò wọ inú fọ́tò, ṣùgbọ́n wọn yóò kéré. Bí ó bá gùn, ohun díẹ̀ ni yóò wọ̀ ọ́, yóò sì tóbi. Òdiwọ̀n tí àwọn ayàwòrán fi ń mọ lẹ́ńsì tí kò fẹ̀ jù, tí kò sì há jù, ni gígùn fọ́tò láti igun kan dé igun kejì tó dojú kọ ọ́. Ti Rolleiflex fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80 mm. Lẹ́ńsì 75 mm ló wọ́pọ̀ lára irú Rolleiflex bẹ́ẹ̀, àwọn kan tó jáde lẹ́yìn náà sì ní ti 80 mm.

Ìṣirò tó rọrùn ń fi ohun tí èyí túmọ̀ sí hàn. Bí a bá fi ìbú fíìmù sọ ìjìnnà ẹni tí a fẹ́ yà di púpọ̀, tí a sì fi ìjìnnà ìfojúsùn pín in, a ó mọ ìbú ohun tí fọ́tò náà yóò gbà. Pẹ̀lú lẹ́ńsì 75 mm, ẹni tó bá dúró ní mítà 3 sí kámẹ́rà wà nínú àyè tó tó mítà 2.2, yóò wọlé láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú gèlè tàbí adé rẹ̀. Ní mítà 1, àyè náà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 lọ, ìyẹn orí àti àyà nìkan. Ẹsẹ̀ ayàwòrán ló ń ṣe iṣẹ́ tí pípààrọ̀ lẹ́ńsì ìbá ṣe. Kò sí bó ṣe lè dúró lókèèrè kí ó sì ya ojú olórìṣà kún fọ́tò. Ó di dandan kí ó sún mọ́ ọn, kí ẹni náà sì gbà fún un.

Àyà tàbí ikùn ni a máa ń gbé Rolleiflex sí, tí a ó sì tẹ orí ba láti wo dígí òkè rẹ̀. Kámẹ́rà kì í bo ojú ayàwòrán, lẹ́ńsì sì ń wo ènìyàn láti ìsàlẹ̀ díẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ẹni náà hàn bí ẹni gíga. Lónìí, lẹ́ńsì 50 mm lórí kámẹ́rà tí ojú ìgbàmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 36 mm máa ń gba ìbú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti Verger.

Bahia àti Dàhòmì

Verger gúnlẹ̀ sí Salvador ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, 1946, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn O Cruzeiro. Níbẹ̀ ni ó ti mọ Candomblé, ìsìn tí àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn mìíràn tí a kó lẹ́rú gbé dé Bràsíl. Ó sún mọ́ Mãe Senhora, ìyálórìṣà ilé Ilê Axé Opô Afonjá, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun. Òun ló ya orí Verger sọ́tọ̀ fún Ṣàngó.

Ní 1948, àjọ IFAN ní Dakar, lábẹ́ Théodore Monod, fún un ní owó ìwádìí láti lọ sí Dàhòmì, tí a ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí. Fọ́tò tó tó 2,000 ni ó kó wá, ṣùgbọ́n Monod ní kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀ pẹ̀lú. Báyìí ni ayàwòrán di òǹkọ̀wé. Ní 1952, ó mú ìwé Aláàfin Ọ̀yọ́ tó fi oyè Ìyá Nàsó dá Mãe Senhora lọ́lá lọ sí Bahia. Ní 1953, ó tẹ Ifá ní Kétu, orúkọ rẹ̀ sì di Fátúmbí, ìyẹn Ifá tún mi bí.

Verger a máa fi fọ́tò Bahia han àwọn ará ilẹ̀ Adúláwọ̀, a sì máa fi tiwọn han àwọn ará Bahia. Nínú Dieux d'Afrique (1954), ìwé fọ́tò nípa àwọn òrìṣà ní ìhà méjèèjì òkun, ó to àwọn àwòrán náà kí a lè fi wọ́n wéra. Ìjìnnà ìfojúsùn tí kò yí padà ṣe pàtàkì níbí. Bí lẹ́ńsì bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí àyè tó wà láàárín kámẹ́rà àti ènìyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìyàtọ̀ tí a bá rí láàárín elégùn Ṣàngó méjì kì í ṣe ti kámẹ́rà. Ti aṣọ, ti ijó àti ti ìsìn fúnra rẹ̀ ni.

Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Òṣogbo wà lára àwọn ìlú tí Verger ti ya fọ́tò àwọn olórìṣà. Nínú ìwé rẹ̀ Orixás (1981), ó ṣàlàyé ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, ó sì sọ ìtàn májẹ̀mú tó wà láàárín odò náà àti ọba àkọ́kọ́, èyí tí orúkọ oyè Àtáọ́ja ti wá. Ìtàn ìlú náà so ó mọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí láti Ìpólé ni Láróòyè ti wá tẹ Òṣogbo dó.

Ó mẹ́nu ba Iléṣà pẹ̀lú. Ó kọ ọ́ pé níbẹ̀ ni a ṣì ń bọ Lógun Ẹdẹ, ọmọ Ọ̀ṣun àti Erinlẹ̀, ṣùgbọ́n ìsìn náà ti ṣọ̀wọ́n, ó sì jọ pé ó ń parẹ́ lọ. Ní Bràsíl, òrìṣà yìí kan náà ní ọ̀pọ̀ ọmọ. Orúkọ Ìjẹ̀ṣà wà láàyè níbẹ̀ nínú ìlù ijexá, tí a fi ń jó fún Ọ̀ṣun, tí ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí a dá sílẹ̀ ní 1949, sì ń lù kiri ìgboro Salvador nígbà kanifáà.

Ìwádìí àti àwọn ìwé

Ní 1957, IFAN tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìsìn àwọn òrìṣà àti vodun jáde, oríkì àwọn òrìṣà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò parí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan, yunifásítì Sorbonne fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1966. Iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù lórí òwò ẹrú, Flux et reflux, jáde ní 1968. Ibadan University Press sì tẹ ẹ̀dà rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1976. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ewé, ìwé rẹ̀ lórí ewé àti ọfọ̀ wọn láàárín àwọn Yorùbá, jáde ní 1995.

Ikú àti ogún rẹ̀

Verger kú ní Salvador ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, 1996, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 93. Ní 1988, ó ti dá Fundação Pierre Verger sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní àdúgbò Engenho Velho de Brotas. Ibẹ̀ ni a tọ́jú fíìmù rẹ̀ tó lé ní 62,000 sí, pẹ̀lú àwọn ìwé àti àkọsílẹ̀ rẹ̀.