Nicolas Appert, Ọkùnrin Tí Ó Fi Oúnjẹ Sínú Ìgò

Ẹ wo orí àtẹ ní ọjà Àjàṣẹ́ tàbí ní ọjà Kétu. Ẹ ó rí agolo tòmátì. Ẹ ó rí agolo sadini àti agolo wàrà. Ọ̀nà jíjìn ni a ti kó oúnjẹ wọ̀nyí wá. Ó ti pẹ́ tí a ti sè wọ́n, síbẹ̀ wọn kò bàjẹ́. Ta ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà yìí? Ará ilẹ̀ Faransé kan ni. Orúkọ rẹ̀ ni Nicolas Appert.

Wọ́n bí Appert ní oṣù kọkànlá ọdún 1749, ní ìlú Châlons, ní agbègbè Champagne. Bàbá rẹ̀ ní ilé èrò. Àwọn arìnrìn-àjò a máa wọ̀ síbẹ̀, wọn a jẹun, wọn a mu ọtí, wọn a sùn. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti mọ iṣẹ́ oúnjẹ àti iṣẹ́ ọtí. Nígbà tí ó dàgbà, ó lọ ṣiṣẹ́ oúnjẹ fún ìjòyè ńlá kan ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1784, ó ṣí ilé ìtajà ní Paris. Ohun dídùn tí a fi ṣúgà sè ni ó ń tà.

Nígbà náà, bí a bá fẹ́ kí oúnjẹ pẹ́, a ó sá a sí oòrùn, tàbí kí a fi iyọ̀ sí i, tàbí kí a fi èéfín yan án, tàbí kí a rì í sínú ọtí kíkan. Àwa náà ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ wo ẹja gbígbẹ, ẹ wo èlùbọ́. Ọ̀nà wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kì í dùn bí ó ti dùn tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, bí òtútù bá dé, kò sí ewébẹ̀ tútù lóko fún ọ̀pọ̀ oṣù. Appert fẹ́ kí ẹ̀wà tí a jẹ nígbà òtútù dùn bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já.

Ní ọdún 1789, ìlú dàrú ní ilẹ̀ Faransé. Appert dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Ní ọdún 1794, wọ́n tì í mọ́lé fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ní ọdún náà ni wọ́n bẹ́ lórí. Orí kó Appert yọ. Nígbà tí ó jáde, ó tẹra mọ́ ìdánwò rẹ̀. Ó sè, ó bàjẹ́. Ó tún sè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń ṣe ẹ̀wà tútù, èyí tí a ń jẹ tèèpo tèèpo, tí àwọn Faransé ń pè ní haricot vert. Ó ní kí wọ́n já a nígbà tí ó ṣì rọ̀. Ó kó o sínú ìgò tí ó nípọn, irú èyí tí a ń rọ ọtí Champagne sí. Ó rọra ń gbo ìdí ìgò náà mọ́lẹ̀, kí ẹ̀wà lè kì dáadáa, kí àyè má ṣẹ́ kù púpọ̀. Ó fi ìdérí dí ẹnu ìgò pinpin, ó sì fi okùn irin dè é. Lẹ́yìn náà ó wọ àpò aṣọ fún ìgò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má bàa máa kọ lu ara wọn, kí àfọ́kù má sì dà sínú omi bí ọ̀kan bá bẹ́. Ó to gbogbo wọn sínú ìkòkò ńlá tí omi wà nínú rẹ̀, ó bò ó, ó sì dáná sí i. Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní iye àkókò tí ó gbọ́dọ̀ lò nínú omi híhó. Èyí gan-an ni iṣẹ́ tí ó le jù, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ fún un.

Appert mọ̀ pé oúnjẹ náà kò bàjẹ́. Kò mọ ìdí rẹ̀. Ó rò pé afẹ́fẹ́ ni ó ń ba oúnjẹ jẹ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Louis Pasteur fi yé ayé pé àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń ṣe é, iná sì ń pa wọ́n.

Ẹ dúró níhìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nílé. Lónìí a mọ ohun tí Appert kò mọ̀. Kòkòrò kan wà nínú ilẹ̀ tí omi híhó kì í pa irúgbìn rẹ̀. Bí a bá dí ẹ̀wà tí kò kan mọ́ inú ìgò, kòkòrò yìí lè hù níbẹ̀, kí ó sì tu májèlé sínú rẹ̀. Ẹ̀wà náà lè má rùn, àwọ̀ rẹ̀ lè má yí padà, ṣùgbọ́n májèlé náà ń rọ ara ènìyàn títí tí kò fi ní lè mí mọ́. Omi híhó kì í kọjá 100 dígírì. Ìkòkò alágbára tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí, tí ó ń há ooru mọ́ inú, máa ń dé 116 dígírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni ó yẹ ẹ̀wà. Ẹni tí kò ní irú rẹ̀, kí ó fi ọtí kíkan tí ó pọ̀ tó ṣe ẹ̀wà tirẹ̀, nítorí kòkòrò náà kì í hù nínú ohun tí ó kan dáadáa.

Appert kọ́ ilé iṣẹ́ sí Massy, lẹ́bàá Paris. Ó gbin ẹ̀wà àti ewébẹ̀ sí ìtòsí rẹ̀, kí wọ́n lè bọ́ sínú ìgò kí wọ́n tó rọ. Ní ọdún 1803, àwọn ológun ojú omi gba ìgò rẹ̀ ní ìlú Brest. Wọ́n tọ́jú wọn fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ṣí wọn, wọ́n tọ́ wọn wò. Wọ́n jẹ́rìí pé ẹ̀wà náà dùn bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Fún ọmọ ọkọ̀ tí ó ti ń fi ẹran oníyọ̀ gbéra fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí.

Ní ọdún 1810, ìjọba fún un ní 12,000 fránkì. Àdéhùn kan wà níbẹ̀: kí ó kọ gbogbo àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì fi owó ara rẹ̀ tẹ 200 ẹ̀dà fún ìjọba. Ó lè kọ̀, kí ó gba ìwé àṣẹ pé òun nìkan ni ó lè ṣe é. Ó yan ìwé títẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè kàwé sì lè kọ́ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1810 yìí kan náà, Peter Durand gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí irú iṣẹ́ yìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi agolo rọ́pò ìgò, wọ́n sì rí owó níbẹ̀.

Ní ọdún 1814 àti 1815, ogun wọ ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè ba ilé iṣẹ́ Massy jẹ́. Appert ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ ó tún bẹ̀rẹ̀ ní Paris, ó sì ń lo agolo pẹ̀lú. Ní ọdún 1822, wọ́n fi orúkọ dá a lọ́lá pé olóore gbogbo ènìyàn ni. Orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n kò sí owó nínú rẹ̀.

Ó padà sí Massy ní ìgbà ogbó rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1841, ní ẹni ọdún 91. Kò ní owó lọ́wọ́. Inú kòtò kan náà tí wọ́n ń sin àwọn tálákà sí ni wọ́n sin ín sí.